Ojú Ni Alákàn Fi Ń Ṣọ́ Orí: Ìtàn Ìgbésí Ayé Horatio Nelson, Ọ̀gágun Ojú Òkun

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin olùkàwé wa. Ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó ti rò ó wò pé bí ó ti rí fún alákàn ní etí omi, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún àwọn ọba ńlá tí ń bá ara wọn jagun lórí òkun. Nígbà tí a bá dárúkọ ogun ojú omi, ìró àgbá, iná àti èéfín ni ọkàn ènìyàn a máa lọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni kí àgbá kan ṣoṣo tó dún, ẹnìkan ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀tá wà. Òkun fẹ̀ ju igbó lọ. Kò ní ipa ẹsẹ̀ tí ọdẹ lè tọ̀, kò sì ní oríta tí a lè fi oníbodè sí. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan lè gba ẹ̀gbẹ́ òmíràn kọjá lóru kí ilẹ̀ sì mọ́ láìsí ẹni tí ó mọ̀. Nítorí ìdí èyí ni àwa ṣe yàn láti sọ ìtàn Horatio Nelson, kì í ṣe nítorí ìjà tí ó jà nìkan, bí kò ṣe nítorí ìyà tí ó jẹ nígbà tí kò ní alóre, àti ohun tí ó ṣe nígbà tí ó wá ní wọn.

A bí Nelson ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 1758 ní Burnham Thorpe, abúlé kan ní ìhà Norfolk ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí baba rẹ̀ ti ń ṣe àlùfáà. Òun ni ọmọ kẹfà nínú ọmọ 11. Ó wà ní ọmọ ọdún 9 nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ baba. Arákùnrin ìyá rẹ̀, Maurice Suckling, ni ó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ogun. Ọwọ́ rẹ̀ ni a fi ọmọ náà lé ní ọdún 1771, nígbà tí ó di ọmọ ọdún 12. Ara ọmọ náà kò le rárá, ó kéré ní ìdúró, ìrugùdù omi òkun a sì máa mú un bì. Àrùn yìí kò fi í sílẹ̀ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ọkàn akin. Ní ọdún 1773 ó bá àwọn kan lọ sí òkun yìnyín ní ìhà àríwá ayé. Lẹ́yìn náà ó lọ sí Íńdíà, ibà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbẹ̀. Ní ọdún 1779, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún 21, ó ti di ọ̀gá ọkọ̀. Lẹ́yìn tí àlàáfíà dé, ìjọba kò fún un ní ọkọ̀ mọ́. Ọdún 5 ni ó fi jókòó sí abúlé baba rẹ̀ láìní iṣẹ́, òun àti aya tí ó fẹ́ ní erékùṣù Nevis. Ogun Faransé tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1793 ni ó pè é padà sórí omi.

Ogun náà gba ohun púpọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọdún 1794, níbi tí wọ́n ti dó ti ìlú Calvi ní erékùṣù Corsica, ọta àgbá fọ́n òkúta sí i lójú, ojú ọ̀tún rẹ̀ kò sì ríran mọ́. Ní oṣù keje ọdún 1797, ní Tenerife, ìbọn ba apá ọ̀tún rẹ̀ jẹ́, a sì gé e kúrò lóru ọjọ́ náà. Olójú kan, alápá kan: irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó wá mọ iyì ojú ju àwọn tí wọ́n ní méjèèjì lọ.

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó tọ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀. Ní ayé ìgbà náà kò sí wáyà, kò sí rédíò, kò sí ọkọ̀ òfurufú tí ó lè fò lọ wo ojú òkun. Atẹ́gùn ni ó ń gbé ọkọ̀ rìn. Ọkọ̀ ogun ńlá a máa ru àgbá 74 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lágbára, ṣùgbọ́n ó lọ́ra. Oríṣi mìíràn wà tí ó kéré jù ú lọ, tí ó sì ń sáré bí ẹtu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní frigate, àwa yóò sì máa pè é ní ọkọ̀ alóre, nítorí pé iṣẹ́ alóre ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ kan a gun òpó lọ sí òkè téńté pẹ̀lú awò ìwo-ọ̀nà-jíjìn lọ́wọ́. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́ kedere, ó lè rí orí ìgbòkun ọkọ̀ mìíràn láti nǹkan bí máìlì 20. Bí kùrukùru bá sọ̀ tàbí bí ilẹ̀ bá ṣú, kò rí ju imú ọkọ̀ tirẹ̀ lọ. Ọ̀gágun tí ó bá ní ọkọ̀ alóre mẹ́wàá lè tẹ́ wọn sórí òkun bí àwọ̀n. Èyí tí kò bá ní ìkankan, afọ́jú tí kò ní ọ̀pá ni.

Nelson ti rí agbára iṣẹ́ yìí ní oṣù kejì ọdún 1797. Ọkọ̀ alóre kan, Minerve, ni ó wọ̀ nígbà tí ó ń bọ̀ wá bá ọ̀gá rẹ̀, Jervis, nítòsí ilẹ̀ Potogí. Lóru, nínú kùrukùru, ó já sí àárín àwọn ọkọ̀ ogun Sípéènì. Kò sá, kò sì yìnbọn. Ó rọra bá wọn rìn títí ó fi yọ kúrò láàárín wọn, ó sì mú ìròyìn lọ fún Jervis ní ọjọ́ 13 oṣù náà. Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n jà ní Cape St Vincent, Jervis sì ṣẹ́gun. Nelson jà bí ẹkùn ní ọjọ́ náà, ìjọba sì sọ ọ́ di ọ̀gágun.

Ọdún 1798 ni ojú rẹ̀ wá rí màbo. Ìròyìn dé pé Napoleon Bonaparte, ọ̀gágun Faransé, ń kó ọmọ ogun tí ó lé ní 30,000 jọ sí Toulon àti àwọn èbúté mìíràn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń lọ. Jervis rán Nelson pé kí ó lọ ṣọ́ ẹnu èbúté Toulon pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá 3 àti àwọn ọkọ̀ alóre díẹ̀. Lóru ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún, ìjì líle kan jà. Ó ṣẹ́ àwọn òpó Vanguard, ọkọ̀ Nelson, ó sì fọ́n àwọn yòókù ká. Àwọn ọkọ̀ alóre rò pé ọkọ̀ tí ó bàjẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe ohun mìíràn ju kí ó padà sí Gibraltar fún àtúnṣe. Wọ́n sì yí padà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Nelson kò padà. Ó fi ọjọ́ 4 tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe ní etí Sardinia. Láàárín ìgbà náà Napoleon ti ṣíkọ̀ lọ, àwọn alóre kò sì sí mọ́.

Ní oṣù kẹfà, Jervis fi àwọn ọkọ̀ kún tirẹ̀ títí ó fi ní ọkọ̀ ńlá 13 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ru àgbá 74. Agbára wà, ṣùgbọ́n ojú kò sí. Faransé ti gba Malta, wọ́n sì ti tún ṣíkọ̀ kúrò níbẹ̀. Nelson fi ọgbọ́n orí rò ó pé Íjíbítì ni wọ́n ń lọ, ó sì tẹ̀ lé wọn. Lóru ọjọ́ 22 oṣù kẹfà, nínú kùrukùru, ọ̀wọ́ ọkọ̀ méjèèjì kọjá nítòsí ara wọn láìmọ̀. Bí ó bá ní ọkọ̀ alóre méjì péré tí ó tẹ́ sí apá ọ̀tún àti apá òsì, bóyá ìtàn Napoleon ìbá ti parí ní òru náà. Nelson sáré jù: nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 28 ó ti dé Alẹkisáńdíríà, kò sì bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ dàrú, ó sì yí padà láti wá wọn níbòmíràn. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, ní ọjọ́ 1 oṣù keje, tí Napoleon dé èbúté kan náà tí ó sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gúnlẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́wọ́.

Fún oṣù kan gbáko ni Nelson ń rìn kiri Òkun Mẹditaréníà, tí oorun kò kùn ún, tí oúnjẹ kò sì lọ lẹ́nu rẹ̀. Ní ìparí oṣù keje, ní etí ilẹ̀ Gíríìkì, ó gbọ́ pé a ti rí àwọn Faransé tí wọ́n forí lé ìhà Íjíbítì. Ní ọ̀sán ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ ó bá wọn ní Aboukir, tí wọ́n so ọkọ̀ wọn mọ́lẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Kò dúró di ọjọ́ kejì. Òru ni ó fi bá wọn jà. Nínú ọkọ̀ ńlá 13 tí Faransé ní, 2 péré ni ó sá lọ. L'Orient, ọkọ̀ ọ̀gá wọn, gbiná, ó sì fọ́ yángá pẹ̀lú ìró tí ó mú kí gbogbo àgbá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Napoleon àti ọmọ ogun rẹ̀ wá di ẹni tí a sé mọ́ Íjíbítì. Gbogbo ayé ń yin Nelson, ṣùgbọ́n nínú àwọn ìwé tí ó kọ lẹ́yìn ogun náà, ìráhùn rẹ̀ kan ṣoṣo ni àìní ọkọ̀ alóre.

Àwa kì yóò fi ẹ̀wù ẹni mímọ́ wọ̀ ọ́. Ní Naples ní ọdún 1799 ó pàṣẹ kí a so ọ̀gágun ará ìlú náà kan, Caracciolo, rọ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́jọ́ kánkán tí kò fún un ní àyè àwíjàre. Ibẹ̀ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ Emma Hamilton, aya ẹlòmíràn, tí ó sì kọ aya tirẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1801 ó tún ṣẹ́gun àwọn ará Dẹ́ńmákì ní Copenhagen. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì dárí gbogbo rẹ̀ jì í nítorí iṣẹ́gun.

Ní ọdún 1803 ogun tún bẹ́. Napoleon kó ọmọ ogun jọ sí Boulogne láti ré ojú omi tóóró náà kọjá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. A fún Nelson ní iṣẹ́ àtijọ́: kí ó ṣọ́ Toulon. Fún nǹkan bí ọdún 2 kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀ rẹ̀, Victory. Kò jókòó sí ẹnu èbúté bí ajá tí ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fà sẹ́yìn kí ọ̀tá má bàa rí i, nítorí pé ó fẹ́ kí wọ́n jáde kí ó lè bá wọn jà. Ọkọ̀ alóre díẹ̀ nìkan ni ó fi sílẹ̀ ní etí ibẹ̀. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ó ní ewu tirẹ̀: bí alóre bá pàdánù ọ̀tá, ọ̀gá pẹ̀lú ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí. Ní òpin oṣù kẹta ọdún 1805, Villeneuve, ọ̀gágun Faransé, jáde. Àwọn alóre rí i, ṣùgbọ́n wọ́n pàdánù rẹ̀ lóru. Villeneuve pẹ̀lú ní ojú tirẹ̀: ó bá ọkọ̀ àwọn tí kò sí nínú ogun pàdé, ó bi wọ́n léèrè, wọ́n sì sọ ibi tí Nelson wà fún un, ó yà gba ọ̀nà mìíràn. Ó la Gibraltar kọjá, ó darapọ̀ mọ́ àwọn ará Sípéènì, ó sì ré òkun ńlá kọjá lọ sí àwọn erékùṣù Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíà. Nelson lé e. Ó dé Barbados ní ọjọ́ 4 oṣù kẹfà, ó sì gba ìròyìn láti St Lucia pé ìhà gúúsù ni ọ̀tá gbà lọ. Ó sáré lọ sí Trinidad. Kò bá ẹnikẹ́ni. Irọ́ ni ìròyìn náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ìhà àríwá ni Villeneuve wà, nígbà tí ó sì gbọ́ pé Nelson ti dé, ó yí padà sí Yúróòpù. Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ọ̀ràn yìí dáradára. Ẹni tí kò gbọ́ ìròyìn ọjà rárá yóò rọra náwó rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ìròyìn èké ni yóò fi gbogbo owó ra ọjà tí kò ní tà.

Níbí ni ọkọ̀ kékeré kan ti gba iṣẹ́ ńlá ṣe. Nelson rán Curieux, tí Bettesworth ń ṣe ọ̀gá rẹ̀, pé kí ó sáré mú ìwé lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà, lójú agbami, ó rí gbogbo ọ̀wọ́ ọkọ̀ Villeneuve. Kò bá wọn jà. Ó wò wọ́n títí ó fi mọ ọ̀nà tí wọ́n forí lé, ó sì sáré kọjá wọn. Ní oṣù keje, ó dé Plymouth. Arúgbó tí ń ṣe olórí Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ogun, Lord Barham, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 78, ka ìròyìn náà ní òwúrọ̀, kò sì fi àkókò ṣòfò kí ó tó kọ àṣẹ tí ó fi ọkọ̀ dè Villeneuve lọ́nà ní Finisterre. Wọ́n jà níbẹ̀ ní ọjọ́ 22 oṣù keje nínú kùrukùru. Ìjà náà kò tóbi, ṣùgbọ́n Villeneuve kò lọ sí Boulogne mọ́. Ní oṣù kẹjọ ó sá wọ Cadiz ní ilẹ̀ Sípéènì. Napoleon sì kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kúrò ní etí omi lọ bá Austria jà.

Blackwood, ọ̀gá ọkọ̀ alóre Euryalus, ni ó mú ìròyìn pé ọ̀tá wà ní Cadiz wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìdájí ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ó yà sí ilé Nelson ní Merton. Nelson ti wọṣọ, ó sì ti mọ ohun tí ó gbé e wá kí ó tó sọ ọ́. Ní ọjọ́ 28 oṣù náà ó ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ rẹ̀ níwájú Cadiz.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti ṣètò ìṣọ́ rẹ̀, nítorí gbogbo ohun tí ìyà ọdún 1798 àti ìlépa ọdún 1805 ti kọ́ ọ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó kó àwọn ọkọ̀ ńlá rẹ̀ lọ sí nǹkan bí máìlì 50 sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí ojú kankan láti Cadiz kò lè tó. Ó fi Blackwood àti àwọn ọkọ̀ alóre sí etí èbúté gan-an. Ní àárín méjèèjì ó to àwọn ọkọ̀ kan lẹ́sẹẹsẹ, kí ọ̀kan lè máa rí àmì èkejì. Àsíá ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Home Popham, ọ̀gá ọkọ̀ kan, ti ṣe ìwé kan nínú èyí tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún ọ̀rọ̀ kan. Àsíá sì dúró fún nọ́ńbà. Nípa èyí ọkọ̀ lè ta àsíá mẹ́ta péré kí ó sì fi sọ ọ̀rọ̀ tí ó yé ọkọ̀ kejì yékéyéké. Bí wọ́n ti ń ta á láti orí òpó dé orí òpó ni ọ̀rọ̀ ń lọ, bí ìgbà tí onílù abúlé kan gba ìró lẹ́nu ti abúlé kejì.

Villeneuve ń wo òkun láti Cadiz, àwọn alóre díẹ̀ ni ó ń rí. Ó gbọ́ pé ọ̀gágun mìíràn ń bọ̀ wá gba ipò rẹ̀, ó sì tún gbọ́ pé díẹ̀ nínú ọkọ̀ Nelson ti lọ sí Gibraltar. Ó pinnu láti jáde. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá, ọkọ̀ alóre Sirius rí wọn tí wọ́n ń ta ìgbòkun, ó sì ta àsíá. Nígbà tí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ òwúrọ̀ fi máa lù, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá lórí òkun fún máìlì 50, ó sì ti dé ọ̀dọ̀ Nelson. Fún ọjọ́ méjì àti òru méjì Blackwood kò jẹ́ kí ọ̀tá bọ́ lójú òun. Lọ́sàn-án ó ń ta àsíá, lóru ó ń tan iná, ó sì ń yin àgbá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lóru ọdún 1798 kò tún ṣẹlẹ̀ mọ́.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún 1805, wọ́n pàdé nítòsí Trafalgar: ọkọ̀ ńlá 27 ti Gẹ̀ẹ́sì, 33 ti Faransé àti Sípéènì. Nelson pín tirẹ̀ sí ọ̀nà méjì, ó sì já wọ àárín wọn. Ní nǹkan bí aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọta ìbọn láti orí òpó ọkọ̀ Faransé kan wọ èjìká rẹ̀, ó sì dé egungun ẹ̀yìn. Ní aago mẹ́rin àbọ̀ ó kú, lẹ́yìn tí ó ti gbọ́ pé òun ti ṣẹ́gun. Gẹ̀ẹ́sì kò pàdánù ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ ọ̀tá 18 ni a mú tàbí tí ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1806 ni a sin ín sí St Paul's ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Títí di òní a lè wọ inú Victory ní Portsmouth kí a sì rí ibi tí ó ṣubú sí.

Kí ni èyí kàn wá? Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Nelson tìkára rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ àwọn tí ń fẹ́ dá òwò ẹrú dúró. Ọ̀rẹ́ àwọn olóko Ìwọ̀-Oòrùn Íńdíà ni, ó sì kọ̀wé lòdì sí òmìnira náà nínú ọdún tí ó kú gan-an. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1807 ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò náà, láti ọdún 1808 sì ni a ti ń rán ọkọ̀ ogun láti máa ṣọ́ etíkun ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ alóre kan náà ni: ẹni kan lórí òpó, awò lọ́wọ́, tí ń wá ìgbòkun. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ Potogí kan, Esperança Félix, kó àwọn ẹrú ní Èkó, ó sì ṣíkọ̀. Kò rìn jìnnà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, Myrmidon àti Iphigenia, fi bá a. Nínú àwọn tí a tú sílẹ̀ ni ọmọkùnrin kan láti Òṣogùn wà, orúkọ rẹ̀ ni Àjàyí; òun ni ó di Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú èdè tí a fi ń kọ ìwé yìí. Ohun èlò tí Nelson fi ìyà púpọ̀ kọ́ lílò rẹ̀ di ohun tí ó gba àwọn ẹlòmíràn là, láìjẹ́ pé òun tìkára rẹ̀ fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin ará wa. Orúkọ ọ̀gágun ni a kọ sára òkúta, a kò sì kọ orúkọ ọmọ tí ó gun òpó ní òtútù òwúrọ̀ tí ó kọ́kọ́ rí ìgbòkun. Bẹ́ẹ̀ ni bí kò sí ti ọmọ náà, ọ̀gágun kò ní ẹni tí yóò bá jà. Bí a bá ní ilé, tàbí ìsọ̀, tàbí ìlú láti tọ́jú, kí a má ṣe máa ka iye àgbá tí a ní nìkan. Kí a bi ara wa léèrè ẹni tí ó wà lórí òpó, bóyá ó jí, àti bóyá òtítọ́ ni ó ń sọ.